Agogo Inú Mẹ́talọ́kan

Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kẹta

Màmá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àfojúsọ́nà lẹ́tà tó pẹ́. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń sọ ọ́ lọ́kàn pé Oníkanra ti gbàgbé ilé. Mi ò gbàgbé, iṣẹ́ ló wọ̀ mí lọ́rùn. Ẹ̀yin lẹ ní ká fi fóònù sílẹ̀, pé gbogbo ìgbà tá a bá ti gbé e sétí, ìjà ló ń dà. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́tà náà ní ìyà tiẹ̀: kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, ohun tí mo fẹ́ sọ á ti di ọ̀rọ̀ àná.

Ìròyìn rere kan rèé. Mẹ́talọ́kan, ètò tí ẹ fi ń tẹ̀wé lórí kọ̀ǹpútà yín, pé ọgbọ̀n ọdún lọ́dún yìí. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe ń pè é nílùú òyìnbó níbí, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sì ti kọ́ ọ lẹ́nu mi. Mo ṣàlàyé fún wọn pé ẹ̀yà mẹ́ta ló wà nínú ẹ̀, tó sì jẹ́ ọ̀kan: èyí tí wọ́n fi ń kọ lẹ́tà, èyí tí wọ́n fi ń ṣírò, èyí tí wọ́n fi ń gbé àwòrán sára ògiri fún àwọn ọ̀gá. Mo ní ìdí nìyẹn tí àwọn oníbàárà ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé yín fi sọ ọ́ lórúkọ yẹn, tí pásítọ̀ kan sì torí ẹ̀ bínú jáde láì gba fọ́tòkọ́pì ẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí.

Ilé iṣẹ́ wa tó ṣe é fẹ́ kí wọ́n kọ ìtàn ẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Èmi ni wọ́n gbé e lé lọ́wọ́! Èmi náà ni wọ́n ní kí n tú inú ẹ̀ wò, kí n rí ohun tó ti gbó tí ẹnikẹ́ni ò lò mọ́, ká lè gé e kúrò nínú èyí tuntun. Nǹkan tó bá pé ọgbọ̀n ọdún, pàǹtí á pọ̀ nínú ẹ̀. Ẹ gbọ́ ọ̀kan: agogo! Àṣé títí di òní, béèyàn bá mọ ibi tó wà, Mẹ́talọ́kan lè máa dún kọ́, kọ́, kọ́ bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́, tí ìlà bá sì ku díẹ̀ kó tán, agogo á lù. Ta ló ń gbọ́ agogo nínú kọ̀ǹpútà, Màmá? Èmi àti ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín débi pé omi jáde lójú wa.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ohun tí ẹ rántí ránṣẹ́ sí mi. Báwo ló ṣe wọ ọ́fíìsì yín nígbà yẹn? Mo fẹ́ kí ohùn yín wà nínú ìtàn náà.

Ọmọ yín,
Oníkanra

Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kẹta

Oníkanra mi, ọmọ mi kan ṣoṣo,

Mo kí ẹ, mo kí ẹ, mo tún kí ẹ. Ṣé ara le? Ṣé ò ń jẹun lásìkò, àbí kọfí nìkan lo ṣì ń dà sínú? Ìyá aránṣọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì ní kí n kí ẹ. Òun ló ka lẹ́tà ẹ sí mi létí. Nígbà tó débi ọ̀rọ̀ agogo, ohùn ẹ̀ yí padà, torí ó mọ ohun tó wà níbẹ̀.

O ní kí n sọ ìtàn. Ó dáa, jókòó. Àwa atẹ̀wé mẹ́rìnlá la wà nínú yàrá kan lọ́fíìsì ìjọba, méjì-méjì nídìí tábìlì, ojú gbogbo wa sí ògiri. Ariwo! Tí gbogbo wa bá ń tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ò lè gbọ́ ara wọn. Ṣùgbọ́n àwa tá a wà nínú ẹ̀, kálukú mọ agogo tiẹ̀. A kì í wo ìwé tá à ń tẹ̀, a kì í wo ìka wa. Nígbà tá à ń kọ́ṣẹ́, ọ̀gá wa obìnrin máa ń fi aṣọ bo ọwọ́ wa. Ẹni tó bá ṣí i wò, rúlà ló máa bá a sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà wọlé pẹ̀lú Mẹ́talọ́kan nínú ẹ̀, kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kàn án. Ó dákẹ́ jù. O tẹ̀ ẹ́, kò fọhùn. Ẹnì kan nínú wa ní bóyá kò gbọ́ ni, ló bá fi ìka gbá a bí ẹni ń lu ìlẹ̀kùn. Ọkùnrin tó wá kọ́ wa rí i pé ẹ̀rù ń bà wá. Ó tẹ nǹkan kan, ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dún kọ́, kọ́, kọ́, nígbà tó kan òpin ìlà, agogo lù. Gbogbo yàrá pariwo yè é! Ó ní àwọn tó ṣe é mọ̀ pé àwọn atẹ̀wé ló máa lò ó, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi agogo sí i, ká má bàa sá. Kọ ìyẹn sínú ìtàn ẹ. Kó o sì kọ ọ́ pé lẹ́yìn ọdún kan, nínú àwa mẹ́rìnlá, mẹ́ta péré ló kù lẹ́nu iṣẹ́, èmi kò sì sí nínú mẹ́ta yẹn. Agogo yẹn ni wọ́n fi tàn wá wọlé.

Ọ̀rọ̀ tó kù rèé, fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Ojú mi ń lọ. Ti òsì ti ṣókùnkùn pátápátá. Ti ọ̀tún, bí ẹni ń wo ìta láti ihò kọ́kọ́rọ́ ni. Àwọn oníbàárà ò mọ̀. Mo máa ń ní kí wọ́n ka ìwé wọn sókè fún mi, pé etí mi yá ju ojú lọ, wọ́n á rẹ́rìn-ín, èmi á tẹ̀. Agogo yẹn ni mo fi ń ríran. Tó bá ti ń dún, mo mọ̀ pé ohun tí mò ń tẹ̀ ń wọlé. Tó bá dákẹ́, mo mọ̀ pé nǹkan kan ti dí i lọ́nà, màá dúró, màá pe ìyá aránṣọ kó wá wò ó. Mo bẹ̀ ẹ́, ọmọ mi. Gé ohun tó bá wù ẹ́, fi agogo sílẹ̀ fún mi.

Ìyá ẹ,
Ìyá Atẹ̀wé

Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kẹrin

Màmá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìtàn. Ó dùn, mo kà á fún ọ̀gá mi. Mo ti rí apá tó kù nínú àwọn ìwé àtijọ́ ilé iṣẹ́. Àṣé èyí tí wọ́n fi ń kọ lẹ́tà nìkan ló kọ́kọ́ wà. Èyí tí wọ́n fi ń ṣírò, wọ́n rà á lọ́wọ́ àwọn míì ni, wọ́n wá fi ti àwòrán kún un, wọ́n kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú páálí kan. Páálí di àwo pẹlẹbẹ, àwo di ohun tó ń gba inú afẹ́fẹ́ wọlé. Ìyàwó ọkùnrin tó kọ́kọ́ ṣe é, atẹ̀wé ni. Òun ló sọ fún ọkọ ẹ̀ pé nǹkan yìí dákẹ́ jù, fi agogo sí i.

Ní ti ojú yín, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, kí ẹ má bínú. Mo fi rúlà tọ lẹ́tà yín, ìlà lẹ́yìn ìlà, mi ò rí àṣìṣe kan ṣoṣo. Ẹni tí ojú ẹ̀ ń lọ ló tẹ irú ìwé yẹn? Màmá, mo mọ̀ yín. Ṣé ẹ ti gbàgbé ọdún tí ẹ kọ̀wé pé ẹsẹ̀ yín ti rọ, pé ẹ ò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì? Mo fi iṣẹ́ sílẹ̀, mo sáré wálé. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ṣílẹ̀kùn fún mi, ọkùnrin kan tó wọ kóòtù sì ti jókòó sí pálọ̀, ó ń wá ìyàwó. Ẹsẹ̀ tó rọ yẹn ló gbé ẹlẹ́rìndòdò wá fún wa! Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá. Àtìgbà yẹn, tí ẹ bá ní orí ń fọ́ yín, mo máa ń bi ara mi pé ta ló tún wà ní pálọ̀.

Ọ̀rọ̀ agogo kò sì rọrùn bí ẹ ṣe rò. Mẹ́talọ́kan máa ń ròyìn fún wa ohun tí àwọn èèyàn ń lò. Nínú gbogbo èèyàn tó ń lò ó láyé, àwọn tó ń lo agogo ò kún bọ́ọ̀sì kan. Báwo ni mo ṣe fẹ́ dìde níwájú àwọn ọ̀gá kí n ní ẹ má gé e, nítorí ìyá mi? Èmi nìkan ni aláwọ̀ dúdú nínú yàrá yẹn, Màmá. Iṣẹ́ yìí ni wọ́n fi ń wò mí bóyá mo tó fi ṣe ọ̀gá. Tó bá jẹ́ òótọ́ ni, ẹ lọ rí dókítà, kẹ́ ẹ fi ìwé tó bá kọ ránṣẹ́ sí mi.

Ọmọ yín,
Oníkanra

Ọjọ́ kẹwàá, oṣù Karùn-ún

Oníkanra,

Mo kí ẹ. Kíkí yìí kúrú, torí inú mi ò dùn.

O fi rúlà tọ lẹ́tà mi! Ìyá aránṣọ kà á débẹ̀, ó fẹ́ ká ìwé náà. Mo ní máa kà á lọ, kí lò ń wò?

Òótọ́ ni, mo purọ́ ẹsẹ̀. Mo fẹ́ rí ẹ, mo sì mọ̀ pé tí mo bá kàn ní mo fẹ́ rí ẹ, o ò ní wá. Ṣùgbọ́n nítorí pé ẹnu mi purọ́ lẹ́ẹ̀kan, ṣé ojú mi náà gbọ́dọ̀ jẹ̀bi? O ní kò sí àṣìṣe nínú ìwé mi. Ṣé kí n wá máa fọwọ́ ara mi ba iṣẹ́ mi jẹ́ ni, kó o tó gbà mí gbọ́? Ogójì ọdún ni mo fi kọ́ ìka mi pé kò gbọdọ̀ bẹ ojú lọ́wẹ̀. Ní báyìí tí ojú ń lọ, ìka ò tíì gbọ́.

Mo ti lọ rí dókítà ojú, ìyá aránṣọ ló mú mi lọ. Ìwé tó kọ, mi ò ní fi ránṣẹ́. Ọmọ ni mo bí, mi ò bí adájọ́.

O ní àwa tá a kù ò kún bọ́ọ̀sì kan. Ó dáa, mo wà nínú bọ́ọ̀sì yẹn. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi àtijọ́ wà lábẹ́ tábìlì níbí, ríbọ́ọ̀nù ẹ̀ ò sí lọ́jà mọ́. Mẹ́talọ́kan ló gba ibẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀, mo sì gbà, mo fi í ra oúnjẹ, mo fi í rán ẹ níléèwé títí o fi mọ̀wé tó o fi ń gé agogo. Tí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ ẹ̀ ló ń mu. Èmi ò ní kó o fún mi lọ́mú, mo ní kó o má gba èyí tó wà lẹ́nu mi.

Mo ti bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò ní bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta.

Ìyá ẹ

Ọjọ́ kejì, oṣù Keje

Màmá mi,

Ẹ kú ọjọ́ pípẹ́. Mo mọ̀ pé mo pẹ́ kí n tó fèsì, mò ń wá bí màá ṣe sọ ọ́ ni.

Mo ti fọwọ́ sí i. Agogo ò sí nínú èyí tuntun. Ẹ ò ní ṣe ohunkóhun, kọ̀ǹpútà yín á gbé e wọlé fúnra ẹ̀, ẹ ó kàn rí i láàárọ̀ ọjọ́ kan pé ojú ẹ̀ ti yàtọ̀. Ẹ má rò pé mi ò sọ̀rọ̀. Mo dárúkọ agogo nípàdé. Ọ̀gá mi ní ta ló ń lò ó? Mo ní àwọn kan. Ó ní àwọn wo? Gbogbo wọn yíjú sí mi. Mo ní mi ò mọ̀ wọ́n.

Nǹkan kan wà tó máa ń ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà síta, wọ́n ṣe é fún àwọn tí ojú wọn ò ríran. Tó bá jẹ́ lóòótọ́ ni, màá fi ránṣẹ́. Kò gbọ́ èdè wa ṣá o. Bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu ẹ̀ ló ṣe ń kà á.

Wọ́n ti fi mí ṣe ọ̀gá. Ìtàn náà sì ti parí. Yàrá yín wà níbẹ̀, ariwo yè é yẹn wà níbẹ̀. Ibi tí ẹ ti sọ pé mẹ́ta péré ló kù, wọ́n ní kí n yọ ọ́, pé ayẹyẹ la fẹ́ ṣe. Bí mo ṣe parí ibi tó kan agogo rèé: “Lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún, agogo náà dákẹ́, kò sì sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tó dákẹ́.” Ọ̀gá mi ní ìlà yẹn ló dùn jù nínú gbogbo ẹ̀.

Ẹ má bínú sí mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fèsì.

Oníkanra yín

Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kọkànlá

Màmá,

Àrokò yín dé. Ó ti dé láti oṣù Kẹsàn-án, mi ò kàn mọ bí wọ́n ṣe ń dá irú ẹ̀ lóhùn ni.

Ojú ewé mẹ́rin, funfun báláú. Ẹ ká a dáadáa, igun kan igun, ẹ fi í sínú àpòòwé, ẹ lẹ̀ ẹ́ pa. Mo yí i síwájú, mo yí i sẹ́yìn, mo gbé e sójú iná. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé tí mò ń gbé pẹ̀lú báàgì iṣẹ́ mi lọ́rùn, àwọn aládùúgbò ń fò mí kọjá. Mo ti jìnnà sílé lóòótọ́, ṣùgbọ́n mi ò tíì gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ka àrokò. Ẹ ní ọ̀rọ̀ ti tán láàárín wa. Ẹ ní mo ti di òfìfo lójú yín. Ìyá wo ló ń fi òfìfo ránṣẹ́ sọ́mọ? Ká ní ẹ bú mi, ǹ bá gbà á. Ká ní ẹ ṣépè fún mi pàápàá, ǹ bá rí nǹkan kà.

Ìdí nìyẹn tí mo fi dákẹ́. Mo ní tó bá jẹ́ dídákẹ́ ni wọ́n fẹ́, èmi náà mọ̀ ọ́n ṣe, ilé yín náà ni mo ti kọ́ ọ.

A ti ṣe ayẹyẹ náà. Mo ka ìtàn náà fún wọn. Nígbà tí mo débi ìlà agogo, gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín, wọ́n sì pàtẹ́wọ́. Mo padà sílé pẹ̀lú òdòdó tí wọ́n fún mi, kò sẹ́ni tí mo lè pè kí n sọ ọ́ fún.

Tí ẹ bá ṣì gbà pé ẹ bímọ, ẹ kọ ọ́ síwèé. Tí ẹ ò bá gbà, ẹ má wulẹ̀ ra sítáǹbù.

Oníkanra

Ọjọ́ kẹta, oṣù Kejìlá

Oníkanra,

Ọwọ́ ìyá aránṣọ lò ń wò yìí, ẹnu mi ló ń sọ ọ́. Mo ní kó kọ ọ́ gẹ́lẹ́ bí mo bá ṣe sọ ọ́, kó má fi ẹkún tiẹ̀ kún un.

Nígbà tó ka lẹ́tà ẹ débi òfìfo, mo ní kó tún un kà. Ó tún un kà.

Mi ò fi àrokò ránṣẹ́ sí ẹ. Lẹ́tà ni mo kọ. Àtàárọ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀, títí oúnjẹ ọ̀sán mi fi tutù. Agogo ti dákẹ́ nígbà yẹn, mi ò gba iṣẹ́ oníbàárà mọ́, mi ò sì pe ẹnikẹ́ni kó wá tún kọ̀ǹpútà ṣe, torí mo mọ ẹni tó mú agogo lọ. Mo ní ìka mi ò tíì kú, mo tẹ̀ ẹ́ nínú ìdákẹ́rọ́rọ́ yẹn. Tí mo bá ti rò pé ojú ewé kan kún, màá ní kó gbé e jáde. Mo gbọ́ tí ìwé ń jáde, mo fọwọ́ kàn án, ó gbóná. Èmi fúnra mi ni mo ká a. Mi ò jẹ́ kí ìyá aránṣọ wò ó, torí ọ̀rọ̀ tèmi tìẹ nìkan ló wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn tá a ka lẹ́tà ẹ tán la tó lọ pe ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ó ní nǹkan kan ló bo ojú ẹ̀, tó kọ “Ẹ káàbọ̀ sí èyí tuntun” sára, tó ń dúró kéèyàn wò ó kó sì tẹ̀ ẹ́ pé òun ti rí i. Gbogbo ohun tí mo tẹ̀, kò wọlé síbì kankan. Àṣẹ pé kó gbé ìwé jáde nìkan ló ń gbà, ojú ewé òfìfo tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ló sì ń gbé jáde. Ká ní agogo wà ni, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ni ǹ bá ti mọ̀.

Ohun tó wà nínú lẹ́tà náà rèé. Mo ní mo ti dárí jì ẹ́ lórí ọ̀rọ̀ agogo. Mo ní dókítà sọ pé ojú ọ̀tún ṣì ṣeé gbà là, tí wọ́n bá lè ṣiṣẹ́ abẹ fún un kí oṣù Kẹwàá tó parí, ṣùgbọ́n ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà lọ́dọ̀ mi nílé tí á máa kán oògùn sí i tọ̀sán-tòru. Mo sọ fún dókítà pé mo ní ọmọ. Mo kọ ọ́ sí ẹ pé ẹ̀rù abẹ yẹn ń bà mí, pé kò sí ohun tó dẹ́rù bà mí tó báyìí rí. Mo ní wá. Mo ní tí o ò bá lè wá, kọ “ẹ ṣe é” ránṣẹ́ sí mi, kí ọkàn mi lè balẹ̀.

Mo wá ń dúró. Ìyá aránṣọ ní òun á pè ẹ́ lórí fóònù. Mo ní rárá, ó ti rí lẹ́tà mi, ó ń múra ni. Ó ní òun á wá máa sùn lọ́dọ̀ mi, òun á máa kán oògùn náà. Mo ní mo bímọ. Dókítà ránṣẹ́ pè mí, mo ní kó ní sùúrù, ọmọ mi ń bọ̀. Ó tún ránṣẹ́, mo tún ní ó ń bọ̀. Nígbà tó yá, kò ránṣẹ́ mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo jí, mo ní kí ìyá aránṣọ bá mi ṣí fèrèsé. Ó ní ó ti wà ní ṣíṣí.

Inú ń bí mi sí ẹ, inú ń bí mi sí ara mi, èwo ló pọ̀ jù, mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan ń yí mi lọ́kàn. Nígbà tí mo ní ojú mi ń lọ, o wá ẹ̀rí. Nígbà tí ìwé funfun dé pé ìyá ẹ ti kọ̀ ẹ́, ìyẹn lo gbà gbọ́ kíá.

Ìlà tó o fi parí ọ̀rọ̀ agogo, tí wọ́n torí ẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún ẹ, tún un kọ. O ní kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tó dákẹ́. Èmi mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, láàárọ̀, oníbàárà kan jókòó tì mí, ó ń ka ìwé tí ọmọ ẹ̀ fẹ́ fi wáṣẹ́ sí mi létí. Mo tẹ ọ̀rọ̀ kan, mo dúró. Mo tún tẹ òmíràn, mo tún dúró, mo dẹ etí sílẹ̀. Oníbàárà ní, “Ìyá Atẹ̀wé, kí lẹ̀ ń gbọ́?”

Mo ní mi ò gbọ́ nǹkan kan.

Ìyá ẹ